Kọ̀ǹpútà mélòó la ní? Bí ẹ ṣe máa yan orísun dátà tó tọ́ fún ìjábọ̀ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́

Ọ̀gá á ní, "Ẹ bá mi wo iye kọ̀ǹpútà tá a ní, kí ẹ sì sọ iye tó ṣì ń lo Windows 10 nínú wọn. Mo fẹ́ rí i lórí tábìlì mi lọ́la." Àwọn ará àkáǹtì ṣí ìwé tiwọn, wọ́n ní 140. Ẹni tó ń mójú tó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn yòókù so mọ́, wo tiẹ̀, ó ní 171. Ẹni tó ń bójú tó ántífáírọ́ọ̀sì ní 118. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá mú ọ̀kan ṣáá nínú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá ọ̀gá máa jẹ́ kí ilé iṣẹ́ sanwó lórí ohun tí kò sí, tàbí kó fi kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀ láìní ààbò.

Ohun tó ń ko wá sí wàhálà yìí kò ju pé ibi tí dátà ti rọrùn fà jáde la máa ń sáré lọ, láìkọ́kọ́ bèèrè ta ló mọ ìdáhùn gan-an. Ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ yan orísun. Bí ìbéèrè bá yí padà, orísun náà gbọ́dọ̀ yí padà, ì báà jẹ́ ọ̀gá kan náà ló béèrè méjèèjì láàárín wákàtí kan.

Ilé iṣẹ́ àpẹẹrẹ kan ni mo máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Adó-Èkìtì, ó ní ẹ̀ka ní Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé, Ìjerò àti Ọ̀mùò. Iye kọ̀ǹpútà tí mo bá dá fún un, àpẹẹrẹ lásán ni. Ohun tí mo bá sọ nípa bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

OHUN TÍ Ẹ MÁA KÓ JỌ KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ gba àṣẹ láti wo sáfà, láti wò ó nìkan, láìlè yí nǹkan kan padà. Ẹni tó ń ṣe ìjábọ̀ kò nílò agbára láti pa orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi "ìmọ́tótó" pa orúkọ láptọ́ọ̀pù ẹni tó wà ní ìsinmi ìbímọ rẹ́. Ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò lè wọlé.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ohun-ìní lọ́wọ́ àwọn ará àkáǹtì, pẹ̀lú rìsíìtì bó bá ṣeé ṣe. Ẹ wá ẹnì kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó ní fóònù tó lè ya fọ́tò dáadáa. Kò pọn dandan kó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, kó ṣáà jẹ́ ẹni tí kì í dákẹ́ nígbà tí nǹkan ò bá yé e. Ẹ ní Excel tàbí LibreOffice Calc. Lẹ́yìn náà, ẹ gba lẹ́tà kúkúrú lọ́wọ́ ọ̀gá tó sọ pé ẹ̀yin lẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láìsí lẹ́tà yẹn, máníjà ẹ̀ka kan á ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn ò sì ní dé.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ sọ ìbéèrè ọ̀gá di gbólóhùn kan tí kò ní ìtumọ̀ méjì

Ìbéèrè mẹ́rin, ó kéré tán, ló wà nínú "kọ̀ǹpútà mélòó la ní". Mélòó la fowó rà? Mélòó ló ṣì wà lọ́wọ́ wa, tó fi mọ́ èyí tó bàjẹ́ tá a kó sí yàrá ìkẹ́rùsí? Mélòó làwọn òṣìṣẹ́ ń lò? Mélòó ló so mọ́ sáfà wa? Ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í bára mu, kò sì yẹ kí wọ́n bára mu.

Ẹ padà lọ bá ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù èyí, wọ́n rò pé ó máa dà bíi pé iṣẹ́ ò yé àwọn. Ìbéèrè kan péré lẹ máa bi í: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fẹ́ fi iye náà ṣe?" Bó bá ní láísẹ́ńsì ántífáírọ́ọ̀sì ọdún tó ń bọ̀ làwọn fẹ́ san, ẹ ti mọ̀ pé èyí tó ti kú ní yàrá ìkẹ́rùsí kò sí nínú ẹ̀. Bó bá ní ilé iṣẹ́ adójútòfò ló béèrè, èyí tó wà ní yàrá ìkẹ́rùsí wọ inú ẹ̀, nítorí iná lè jó òun náà. Bó bá ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ Windows 10, ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà gan-an lẹ ń wá, ìwé tí wọ́n fi rà á kò lè sọ ọ́.

Wàyí o, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún ilé iṣẹ́ àpẹẹrẹ wa, ó lè rí báyìí: "Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́, tí a tàn tó sì kan sáfà láàárín ọjọ́ 45 tó parí ní 30 oṣù Kẹfà, ní olú ọ́fíìsì àti ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a yọ sáfà, fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò."

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: ọ̀rọ̀ náà "tó ń ṣiṣẹ́". Bí ẹ kò bá fi iye ọjọ́ tì í lẹ́yìn, kò ní ìtumọ̀ kankan. Lójú akáǹtì, èyí tí wọn ò tíì tà ló ń ṣiṣẹ́. Lójú ẹni tó ń mójú tó sáfà, èyí tí wọn kò tíì tì pa ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún èèyàn méjì tí kò sí níbẹ̀ ní gbólóhùn yẹn, kí ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bóyá láptọ́ọ̀pù tó wà lọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe láti ọjọ́ 60 wọ inú ẹ̀. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ síra, ẹ tún gbólóhùn náà kọ.

ÌGBÉSẸ̀ 2: Ẹ to gbogbo orísun tẹ́ ẹ ní, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta

Orísun dátà dà bí aṣọ́nà ẹnu géètì. Ẹni tó bá gba iwájú rẹ̀ wọlé ló lè sọ fún yín. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé, kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ bi orísun kọ̀ọ̀kan pé: kí ló ń mú kí kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ? Ìgbà wo lo máa ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ? Kí ló ń mú kó jáde? Ìbéèrè kẹta yìí làwọn èèyàn ń gbàgbé, òun ló sì ń sọ 140 di 171.

Ìwé ohun-ìní àwọn akáǹtì. Kọ̀ǹpútà ń wọ inú rẹ̀ nígbà tí owó bá jáde. Kì í jáde àyàfi bí ẹnì kan bá fi ìwé ránṣẹ́ pé ó ti bàjẹ́, wọ́n ti tà á, tàbí wọ́n ti jí i. Ó dára gan-an fún iye tá a rà, ọjọ́ tá a rà á àti iye owó. Kò mọ Windows, kò mọ ẹni tó ń lò ó, kò sì mọ̀ bóyá ó ṣeé tàn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ta ilé iṣẹ́ lọ́rẹ kì í sí níbẹ̀, torí owó kankan ò jáde.

Active Directory. Ìwé orúkọ kọ̀ǹpútà tó wà lórí sáfà Windows ni, ibẹ̀ ni 171 ti wá. Kọ̀ǹpútà ń wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tá a so ó mọ́ domain, ìyẹn agbo kọ̀ǹpútà tí sáfà ilé iṣẹ́ ń darí. Kì í jáde fúnra rẹ̀ láé. Ẹni tó bá fi Windows tuntun sínú láptọ́ọ̀pù, tó fún un lórúkọ mìíràn, tó sì tún un so, ti sọ ọ̀kan di méjì. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ 31 tá a rí lókè ti sábà máa ń wá.

Ohun méjì kan wà tí ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, Windows Home kò ṣeé so mọ́ domain. Láptọ́ọ̀pù tí máníjà ẹ̀ka sáré rà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Adó nígbà tí tiẹ̀ bàjẹ́, bó bá jẹ́ Home ló wà nínú ẹ̀, Active Directory kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ìkejì, ọjọ́ ìwọlé tó kẹ́yìn tí ẹ máa rí níbẹ̀ kì í ṣe ti òní. Nǹkan tí wọ́n ń pè ní lastLogonTimestamp, tó hàn bíi LastLogonDate nínú PowerShell (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí nínú Windows), kì í yí padà lójoojúmọ́. Bí Microsoft ṣe ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti pé nǹkan bí ọjọ́ 9 sí 14 nìkan ló máa ń tún ara rẹ̀ kọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tàn láàárọ̀ yìí lè máa fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá hàn yín. Èyí tó ń jẹ́ lastLogon ní tiẹ̀ máa ń yára, ṣùgbọ́n sáfà kọ̀ọ̀kan ló ń kọ tiẹ̀ sílẹ̀, wọn kì í sọ fún ara wọn. Ẹni tó bá ní domain controller (sáfà tó ń darí domain) méjì tó sì wo ọ̀kan ṣoṣo, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Configuration Manager tàbí Intune. Irinṣẹ́ Microsoft tí wọ́n fi ń bójú tó kọ̀ǹpútà ni méjèèjì. Ètò kan nínú kọ̀ǹpútà ló ń fi ìròyìn ara rẹ̀ ránṣẹ́: RAM, dísíìkì, Windows, serial number (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un), ètò tó wà nínú ẹ̀. Bí ẹ bá ní irú èyí, òun ló mọ inú kọ̀ǹpútà jù. Ẹ sáà mọ bó ṣe ń yára sí: bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, Configuration Manager ń ka ohun tó wà nínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ 7. Ẹ̀rọ tó wà lórí Intune máa ń kàn sí i ní nǹkan bíi wákàtí 8 síra wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò yẹn nínú kò sí lójú rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà náà kò sí.

Ántífáírọ́ọ̀sì. Ó fara jọ èyí tó ṣáájú, ṣùgbọ́n láísẹ́ńsì ló ń kà. Bí ẹ bá ra láísẹ́ńsì 120, iye rẹ̀ lè dúró síbẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, bí kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 150. 118 tó wà lókè yẹn sọ fún wa iye láísẹ́ńsì tó ti bọ́ síṣẹ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

DHCP tàbí ráútà. DHCP ni ètò tó ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì (IP) lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohunkóhun tó bá kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wà níbẹ̀: fóònù àlejò, POS, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ibi ìgbàlejò. Lórí Windows Server, ọjọ́ 8 ni àdírẹ́sì tó fún ẹ̀rọ máa ń lò kó tó parí, bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń lo àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) àtọwọ́dá lórí Wi-Fi, nítorí náà fóònù kan náà lè fara hàn bí ẹlòmíràn tí wọ́n bá yí ètò rẹ̀ padà. Ní èrò tèmi, ẹ má fi ráútà ka kọ̀ǹpútà láé. Ẹ fi wá àlejò tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ojú èèyàn. Ẹni tó wọ yàrá lọ, tó ka ohun tó wà níbẹ̀, tó ya fọ́tò wọn. Ó ń lọ́ra, ó sì ń tánni lókun, àmọ́ òun nìkan ló lè rí kọ̀ǹpútà tí wọn kò tàn láti oṣù mẹ́ta.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ya tábìlì kan, kí orísun kọ̀ọ̀kan ní ìlà, kí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òpó. Bí àyè kan bá ṣófo, ẹ má tíì lo orísun yẹn. Ẹ lọ bi ẹni tó ń mójú tó o.

ÌGBÉSẸ̀ 3: Ẹ mú orísun kan ṣe olórí

Ẹ mú èyí tó súnmọ́ ohun tẹ́ ẹ ń béèrè jù. Iye tá a rà: ìwé ohun-ìní. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà: ètò tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó so mọ́ domain: Active Directory. Èyí tó wà nílẹ̀, tó fi mọ́ òkú: ojú èèyàn. Orísun yòókù di ẹlẹ́rìí, wọn kì í ṣe olórí mọ́.

Ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni "ta ló ni èyí?" Ìwé ìgbaṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí sọ ẹni tó máa dáhùn bó bá sọnù. Àkọsílẹ̀ ìwọlé sọ ẹni tó ń jókòó síwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè yàtọ̀ fún ọdún méjì láìsí ẹni tó bìkítà. Bí ọ̀ràn bá kan owó tàbí ìjìyà, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ni mo máa tẹ̀ lé. Ẹ má fi orúkọ ẹni tó wọlé kẹ́yìn kọ lẹ́tà sí òṣìṣẹ́ kankan. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn lè jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó wá tún un ṣe.

Ti Windows 10 nílò ìṣọ́ra díẹ̀. Ní 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dẹ́kun fífún Windows 10 ní àtúnṣe ààbò lọ́fẹ̀ẹ́, èyí ló sì ń mú káwọn ọ̀gá máa béèrè. Ẹ má gba orúkọ gbọ́. Nínú registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ètò ara rẹ̀ sí, Windows 11 ṣì ń pe ara rẹ̀ ní Windows 10 níbi tí wọ́n kọ ProductName sí, ètò tó bá sì ń ka ibẹ̀ máa kó àwọn kọ̀ǹpútà tuntun yín pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Nọ́ńbà build, ìyẹn nọ́ńbà ìdìpọ̀ Windows, ni kí ẹ kà: 22000 sókè jẹ́ Windows 11, 19045 sì ni ìdìpọ̀ Windows 10 tó kẹ́yìn, ìyẹn 22H2.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú kọ̀ǹpútà kan tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé Windows 11 ni, kí ẹ wá a nínú dátà yín. Bó bá hàn bíi Windows 10, orúkọ lẹ fà, ẹ padà lọ fa build.

ÌGBÉSẸ̀ 4: Ẹ fi serial number ṣe ìdánimọ̀

Orúkọ kọ̀ǹpútà ń yí padà. IP ń yí padà. Láptọ́ọ̀pù kan sábà máa ń ní MAC ti Wi-Fi àti ti wáyà, bí ẹ bá sì fi okùn USB kékeré tó ń gba wáyà sí i, MAC ti okùn yẹn ló máa hàn, lọ́la ẹlòmíràn á lò ó sára tiẹ̀. Serial number nìkan ló bá a ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá.

Lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín, ẹ ṣí PowerShell, kí ẹ tẹ:

Get-CimInstance Win32_BIOS

Ẹ máa rí SerialNumber níbẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ "wmic bios get serialnumber", ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ Windows 10, ṣùgbọ́n Microsoft ti ń yọ wmic kúrò nínú Windows 11, ẹ máa fi èyí àkọ́kọ́ kọ́ra.

Nígbà tí Ìjerò bá fi tiwọn ránṣẹ́, ẹ máa rí ohun kan tó máa yà yín lẹ́nu: kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí serial number wọn jẹ́ "To be filled by O.E.M." tàbí "Default string". Ẹ̀rọ orí tábìlì tí wọ́n tò jọ níbí, tí wọ́n ra pátákó inú rẹ̀ lọ́tọ̀, ló sábà ń rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ṣe pátákó náà fi àyè yẹn sílẹ̀ pé kí ẹni tó tò ó kọ ọ́, kò sì kọ ọ́. Bí ẹ bá lọ sọ fún Excel pé kó yọ èyí tó jọra, mẹ́fà á di ọ̀kan, kọ̀ǹpútà márùn-ún á sì pòórá nínú ìjábọ̀ yín láìsí ìkìlọ̀ kankan. Fún irú wọn, ẹ lẹ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ mọ́ wọn lára, bíi IJR-001 sí IJR-006, kí ẹ sì fi ìyẹn rọ́pò. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sára àpótí gan-an. Ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ́ o, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ ìdérí bí wọ́n bá ń tún méjì ṣe pọ̀.

Lára Dell, ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá ni Service Tag, lẹ́tà àti nọ́ńbà 7. Bí ẹ bá ń ka ara bébà ìlẹ̀mọ́lára, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n má ṣe kà á fún yín lórí fóònù. B àti 8, S àti 5, O àti òdo máa ń jọra. Láptọ́ọ̀pù tokunbọ̀ míì sì wà tí wọ́n ti pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí bébà ìsàlẹ̀ ń sọ ọ̀tọ̀, tí BIOS (ètò tó wà lórí pátákó inú kọ̀ǹpútà) ń sọ ọ̀tọ̀. Ti BIOS ni kí ẹ gbà, nítorí òun ni ètò tó ń ka kọ̀ǹpútà máa fi ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: Excel. Ẹ kọ 0045871 sínú rẹ̀, á di 45871. Ẹ kọ 7412E03, á rò pé ìṣirò ni, á sọ ọ́ di 7.41E+06, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ á sì lọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó lẹ nǹkan kan mọ́ inú rẹ̀, ẹ yí òpó serial number sí Text. Bó bá jẹ́ fáìlì CSV, ìyẹn tábìlì tí wọ́n fi kọ́mà pín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i. Ẹ gba inú Data wọlé, kí ẹ sọ fún un pé Text ni òpó yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi =UPPER(TRIM(A2)) fọ àlàfo àti lẹ́tà kékeré kúrò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi fọ́múlà COUNTIF wá serial number tó bá fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ ka iye àyè tó ṣófo. Ẹ wá "E+" nínú òpó náà. Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, tàbí kí ẹ lè fi ẹnu yín ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kù.

ÌGBÉSẸ̀ 5: Ẹ fi ẹ̀ka kan dán orísun yín wò

Ẹ má ṣe ìjábọ̀ gbogbo ilé iṣẹ́ láìṣe èyí. Ẹ mú ẹ̀ka kan tẹ́ ẹ lè fi ojú ara yín rí. Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí Adó, èèyàn lè lọ láàárọ̀ kó sì padà kí ọ́fíìsì tó parí. Ẹ tẹ orúkọ tí orísun yín ní fún Ìkẹ́rẹ́ sórí bébà, kí ẹ mú un dání.

Ẹ kọ́kọ́ gbéra láti orí bébà lọ sílẹ̀: gbogbo èyí tó wà lórí bébà, ṣé ẹ rí i nínú yàrá? Lẹ́yìn náà, ẹ gbéra láti ilẹ̀ wá sórí bébà: gbogbo èyí tó wà nínú yàrá, ṣé ó wà lórí bébà? Ẹni tó bá ṣe apá kan ṣoṣo máa mọ òkú tó wà nínú dátà, kò sì ní mọ alààyè tí dátà kò rí. Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀. Ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọ́fíìsì, torí òun ló mọ èyí tí wọ́n gbé lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ iná wọ ibí yìí gan-an. Kọ̀ǹpútà tí wọn kò tàn kò lè sọ̀rọ̀. Bí iná ò bá sí ní Ọ̀mùò fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n sì ń fi epo jẹnẹrétọ̀ pamọ́ fún kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń gba owó oníbàárà, àwọn yòókù á dákẹ́, ìjábọ̀ ọjọ́ 14 á sì ní wọn ò sí mọ́. Ẹ̀ka tó wà lẹ́bàá ààlà Kogi lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kì í sábà yà, ni wọ́n máa gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ wọn, kò sì ṣe nǹkan kan. Nítorí náà ni mo ṣe fi ọjọ́ 45 sínú gbólóhùn ìgbésẹ̀ kìíní. Ó borí ọjọ́ 14 tí Active Directory fi ń lọ́ra, ó borí ìsinmi òṣìṣẹ́, ó sì borí iná tó lọ. Ẹ lè fà á gùn dé 60. Ẹ má ṣe é ní 14 láé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí bébà àti yàrá bá yàtọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tàbí méjì tẹ́ ẹ sì mọ ìdí rẹ̀, orísun yín dára. Bí ẹ kò bá mọ ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2. Ìdí yẹn kan náà wà ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò níbi tẹ́ ẹ̀ ò tíì dé.

ÌGBÉSẸ̀ 6: Ẹ fi àwọn ẹlẹ́rìí wé olórí

Ẹ fi orísun olórí sí apá òsì, kí ẹ fi fọ́múlà XLOOKUP wá serial number kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ohun-ìní, kí ẹ sì tún wá ti ìwé ohun-ìní nínú orísun olórí. Active Directory kì í ní serial number nínú bí ẹnikẹ́ni kò bá fi síbẹ̀, orúkọ nìkan ló mọ̀, nítorí náà ẹ ní láti gba inú orísun tó ní méjèèjì kọjá, bíi Intune tàbí Configuration Manager. Bí ẹ kò bá ní ìkankan, fọ́ọ̀mù tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àti serial number sí ló máa ṣe afárá náà.

Òkìtì méjì ló máa jáde. Èyí tó wà nínú ìwé ohun-ìní tí kò dáhùn: ó lè ti bàjẹ́, ó lè wà nílé ẹnì kan, wọ́n lè ti jí i. Èyí tó ń dáhùn tí kò sí nínú ìwé: ẹ̀bùn, láptọ́ọ̀pù àdáni, tàbí ti ọmọ ìsìnrú ìlú tó wá síbẹ̀ fún ọdún kan. Òkìtì kejì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiwa, tó sì ń wọ inú dátà oníbàárà wa, léwu ju láptọ́ọ̀pù tó ti kú lọ.

Ẹ má ṣe wá ààrin 140 àti 171 fún ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má tún iye ṣe kó lè bá ti ọdún tó kọjá mu. Èyí tí ẹ kò bá tíì mọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ pè é ní "a ṣì ń wá a", kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tó ń wá a síwájú rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: iye tó bá olórí mu, iye òkìtì kìíní àti iye òkìtì kejì gbọ́dọ̀ ròpọ̀ dé iye serial number tó wà nínú orísun méjèèjì láìka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá lé tàbí dín, XLOOKUP ń kọsẹ̀ níbì kan, ó sì sábà máa ń jẹ́ àlàfo tí TRIM kò kàn.

ÌGBÉSẸ̀ 7: Ẹ kọ orísun sí ìsàlẹ̀ iye

Ìlà kan sí méjì tó: "Láti inú Intune, a fà á ní 30 oṣù Kẹfà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ tó kàn sí i láàárín ọjọ́ 45, kò sí sáfà àti fóònù nínú ẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́fà ní Ìjerò ń lo nọ́ńbà ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ mẹ́rin la ṣì ń wá." Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́fà láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ yọ orúkọ òṣìṣẹ́ àti wákàtí tí wọ́n ń wọlé kúrò nínú ẹ̀dà tó máa lọ káàkiri. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka irú èyí sí dátà ẹni. Ẹni tó béèrè iye Windows 10 kò nílò láti mọ ìgbà tí ìyá ìkókó dé ọ́fíìsì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹlẹgbẹ́ yín kan ní fáìlì àkọ́fà àti ìlà méjì yẹn nìkan, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Bó bá dé iye tẹ́ ẹ dé, ẹ fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Bí kò bá dé e, ẹ bi í ibi tó ti yà kúrò lọ́nà, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tó sọnù yẹn kún ìlà náà kí ẹ tó jẹ́ kó jáde.